Ojú tó ń ṣomi, tó sì gbẹ: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí ẹran ojú

Ọyẹ́ ti dé, lẹ́tà lórí ojú sì ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí ẹran ojú, ìyẹn ẹran fẹ́lẹ́ elẹ́jẹ̀ tó máa ń hù láti igun ojú níhà imú, tó ń rá wọ orí dúdú ojú bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pterygium. Bí a ṣe máa gé e kúrò ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè. Àwa fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo ìpéǹpéjú àti omi tó bo ojú, torí ibẹ̀ ni títa àti ríro tó ń jẹ́ kí ẹ máa fọwọ́ ra ojú ti sábà ń wá. Ẹni tó bá sì ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, bí ara ṣe máa tù ú tó lẹ́yìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpéǹpéjú àti omi yìí náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 52 ni mí, iṣẹ́ kòkó ni mo ń ṣe ní Ìdànrè. Ó ti tó ọdún 6 tí ẹran ti hù sí ojú ọ̀tún mi. Bí mo bá ń sá kòkó, tí atẹ́gùn bá fẹ́ báyìí, omi á máa dà lójú mi wàrà-wàrà. Mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ojú mi gbẹ. Ojú tó ń ṣomi, báwo ló ṣe tún gbẹ? Àbí èsì ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún mi? *Ìyá Oníkòkó, Ìdànrè*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Mà. Èsì yín ni wọ́n gbé fún yín.

Omi méjì ló wà lójú èèyàn. Ọ̀kan ni omi fẹ́lẹ́ tó bo ẹyinjú tọ̀sán-tòru, tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Èkejì ni omijé tó máa ń ya nígbà tí nǹkan bá ta ojú tàbí tí èèyàn bá ń sunkún. Ti àkọ́kọ́ ni kò dúró lójú yín. Nígbà tó bá fà ya, atẹ́gùn á kan ẹyinjú ní ìhòòhò, ojú á ta, ni èkejì bá ya dà láti wá pa títa náà. Àmọ́ omijé àyadà yìí kò ní epo tó tó nínú. Kì í lè dúró sójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣàn lọ, ojú á sì tún gbẹ padà.

Omi fẹ́lẹ́ tí a ń sọ yìí kò nípọn ju nǹkan bíi micron 3 lọ (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní bí ìlọ́po 20. Síbẹ̀, ohun 3 ló wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ohun yíyọ̀ bí omi ilá wà, èyí tó ń jẹ́ kí omi lè lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké inú awọ tó bo funfun ojú ló ń ṣe é. Láàárín ni omi gan-an wà, àpò omijé tó wà lókè ẹyinjú lọ́wọ́ ìta ló sì ń pọn ọ́n wá. Lókè pátápátá ni epo. Epo yìí bo omi bí epo pupa ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn àti atẹ́gùn fa omi náà mu. Inú ìpéǹpéjú ló ń ti wá. Àpò epo tẹ́ẹ́rẹ́ bí 25 sí 40 ló tò sínú ìpéǹpéjú òkè, bí 20 sí 30 sínú ti ìsàlẹ̀, ẹnu wọn sì ṣí sí etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn ibi tí irun ti hù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́jú ni epo bíńtín ń fún jáde, tí ìpéǹpéjú á sì tẹ́ ẹ sórí omi.

Ẹran ojú ga ju awọ tó yí i ká lọ. Bí ìpéǹpéjú bá ń sọ̀ kalẹ̀, kì í kan ẹ̀gbẹ́ ẹran náà dáadáa. Bí ẹ bá ń gbá àgbàlá tí òkúta yọ gọngọ sí, ẹ mọ̀ pé ìgbálẹ̀ kì í dé ìdí òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpéǹpéjú kì í lè tẹ́ omi dé iwájú orí ẹran yẹn, ibẹ̀ ni omi sì ti máa ń kọ́kọ́ fà ya. Bí gbígbẹ ibẹ̀ bá pẹ́, dígí iwájú ojú, ìyẹn awọ mímọ́ gaara tó bo dúdú ojú, lè jìn wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ àmàlà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awọ tí ẹran náà ti hù kò ṣe ohun yíyọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, wíwú tó ń wú lemọ́lemọ́ sì máa ń ran etí ìpéǹpéjú. Bí wọ́n bá ya fọ́tò àwọn àpò epo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sábà máa ń rí i lára àwọn ẹlẹ́ran ojú pé òmíràn ti kúrú, òmíràn ti rọ dànù. Oòrùn, eruku àti èéfín tó fa ẹran náà ló ń bá ìpéǹpéjú jà pẹ̀lú, gbígbẹ ojú fúnra rẹ̀ á sì tún máa mú ẹran wú. Wọ́n ń bọ́ ara wọn ni.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé àyẹ̀wò wo ni wọ́n fi mọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń fi ìwé pẹlẹbẹ aláró bí ọsàn kan inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Wọ́n á tan iná búlúù, omi ojú á máa tàn bí ewé, wọ́n á ní kí ẹ má ṣẹ́jú, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àmì dúdú àkọ́kọ́ á fi yọ. Bí kò bá tó 10, omi ojú kì í dúró nìyẹn. Èkejì ni ìwé funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, tí wọ́n ń pè ní Schirmer. Bí omi tó rin ín kò bá tó mìlímítà 5, àpò omijé ni kò pọnmi mọ́. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ti èkejì dára lójú yín, kí ti àkọ́kọ́ sì bàjẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, epo ló ń dín, ìtọ́jú ìpéǹpéjú tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ sì tọ́ sí yín ju ẹ̀kán lọ.

Ní ti kòkó sísá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn bí ẹ bá ń fi ọkọ́ onígi yí i. Ẹ dé fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò. Ẹ má dúró síbi tí èéfín ń fẹ́ sí. Bí ẹ bá ń fín oògùn sí kòkó, awò tó bo ojú yíká ni kí ẹ lò. Bí oògùn náà bá ta sí yín lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó kọrí sílé ìwòsàn. Ẹ má sáré lọ láìfọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń gun ọ̀kadà ní Akúrẹ́, ọdún 34 ni mí. Ẹran ojú mi kò tíì tóbi, àmọ́ ojú máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣe bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹnìkan ní kí n máa fi táwẹ̀lì gbígbóná lé e. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ìyàtọ̀. Ẹ̀kán tí mo rà ní kẹ́mísì ló ń gbè mí, bí mo bá ti kán an báyìí ojú á funfun báláú. Mo ti lò ó fún oṣù 8. *Ọlọ́kadà, Òpópónà Ọba Adésidà*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀kán yẹn la máa kọ́kọ́ sọ, torí ó ń bà wá lẹ́rù. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá kí ẹ tó gbé ìgò náà lọ fún dókítà ojú, kó wọn bí agbára omi inú ẹyinjú yín ṣe ga tó. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń pa pípọ́n lóòótọ́. Àmọ́ bó bá pẹ́ lójú láìsí olùtọ́jú, ó lè mú kí agbára yẹn ga, kó máa jẹ iṣan tí èèyàn fi ń ríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, láìdun èèyàn rárá. Ibi tó bá ti jẹ kì í padà. Ó tún lè mú kí awò inú ojú di funfun lójú ẹni tí kò tíì tó ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ naphazoline tàbí tetrahydrozoline lẹ rí, ìyẹn kàn ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ni. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán lójú, iṣan á tún gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀, ojú á pọ́n jù, ẹ ó sì tún kán an. Oṣù 8 yín ti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kán tó yẹ ojú gbígbẹ ni èyí tó dà bí omijé, irú èyí tí carboxymethylcellulose tàbí hypromellose wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kán 1 tó lẹ́ẹ̀kan, torí ojú kò lè gba méjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lèyí tó kù á bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni a sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá èyí tí kò ní benzalkonium nínú, torí ohun tí wọ́n fi ń dá kòkòrò dúró nínú ìgò yìí ń họ ojú bó bá pọ̀ jù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ dà á nù, bó tiẹ̀ ku ìdajì.

Ní ti táwẹ̀lì, ẹ̀ẹ̀mejì kò tó nǹkan. Epo inú ìpéǹpéjú yín ti dì bí òrí ṣe máa ń dì nínú ọyẹ́. Òrí tó dì, bí ẹ bá fún un, kò ní jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ́ ọ ná. Ìdí tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rí èrè rẹ̀ ni pé táwẹ̀lì máa ń tutù láàárín bí ìṣẹ́jú 2, wọ́n á sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, wọ́n á rò pé àwọn ń ṣe é.

Ẹ wá táwẹ̀lì kékeré 2 tó mọ́. Ẹ da ife omi híhó 1 pọ̀ mọ́ ife omi tútù 3 nínú abọ́, kí omi híhó tó kù sì wà nínú fúláàsì nítòsí. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ rẹ táwẹ̀lì kan, ẹ fún un, ẹ fi kan inú ọrùn ọwọ́ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń tọ́ omi ìwẹ̀ wò. Ó gbọ́dọ̀ gbóná, kó má jóni. Ẹ dijú, ẹ gbé e lé ìpéǹpéjú láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi èkejì rọ́pò, ẹ sì bu omi fúláàsì díẹ̀ kún abọ́. Gbogbo rẹ̀ ìṣẹ́jú 10. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ṣe é tán, kí epo tó tún dì, ẹ fi ìka kan ra ìpéǹpéjú òkè láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ ra ti ìsàlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí gbogbo rẹ̀ máa forí lé ibi tí irun wà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpéǹpéjú lẹ ń rà o, ẹ má tẹ ẹyinjú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù nu ìdí irun ìpéǹpéjú, kí èépá àti ìfóòfó funfun kúrò. Òwú ojú kan kì í kan ojú kejì. Àárọ̀ àti alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ojú bá ríran bàìbàì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, epo tó jáde ló fà á. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, dókítà lè fi oògùn ẹnu kún un. Ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Ẹ gbìyànjú láti máa ṣẹ́jú délẹ̀ bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà. Àwọn baba wa tó fi ìṣẹ́jú ka àkókò mọ̀ pé ojú kì í dúró láìpàdé. Bíi 15 sí 20 ni ó yẹ kí èèyàn ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ẹni tó tẹjú mọ́ ọ̀nà tàbí fóònù kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì ṣe, ìdajì ni ìpéǹpéjú ń dé.

Ẹ bo iwájú akoto yín ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ ra awò, èyí tí wọ́n kọ UV400 sí (àmì pé ó ń dá ìtànṣán oòrùn tó ń pa ojú lára dúró), tó sì fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ni kí ẹ rà. Oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, dígí iwájú ojú máa ń kó o jọ bí awò tí àwọn ọmọdé fi ń sun ewé gbígbẹ, igun tó wà níhà imú ló sì ń dà á sí. Ìdí nìyẹn tí ẹran ojú fi sábà ń hù níhà imú, tí awò pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò sì fi tó.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nílùú Òǹdó, ẹni ọdún 61. Wọ́n gé ẹran ojú wọn lọ́dún tó kọjá. Oṣù 4 lẹ́yìn rẹ̀ ó tún hù, ó wá ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí wọ́n tún gé e? *Ọmọ Olùkọ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí Bàbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gé e pé kí ni wọ́n fi bo ojú ibi tí wọ́n gé. Bí wọ́n bá kàn gé e tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán, hínhù rẹ̀ padà kò yani lẹ́nu, torí ó lè ju ẹni 5 lọ nínú 10 tí tiwọn máa ń padà. Bí wọ́n bá bu awọ fẹ́lẹ́ lára funfun ojú kan náà, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, tí wọ́n fi bo ojú ibẹ̀, tí wọ́n rán an tàbí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ojú lẹ̀ ẹ́, ó máa ń dín gan-an. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè má tó ẹni 1 nínú 10. Awọ tí wọ́n lẹ̀ yìí tún ń mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ohun yíyọ̀ padà síbi tí wọn kò ti sí mọ́. Èyí tó bá máa padà sábà máa ń fi ara hàn kí oṣù 6 tó pé, ó ṣọ̀wọ́n kó kọjá ọdún 1.

Kì í ṣe dandan kí wọ́n tún gé e kíákíá. Dúdú ojú fẹ̀ tó mìlímítà 11 sí 12. Ẹran tó bá ti wọ ibẹ̀ ní mìlímítà 3 ti rin bí ìdajì ọ̀nà dé àárín, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bó bá ti sún mọ́ àárín, tàbí ó ń fa dígí ojú tó bẹ́ẹ̀ tí awò ìkàwé ń yí padà lemọ́lemọ́, tàbí kì í jẹ́ kí ojú yí síta dáadáa, ó tọ́ kí wọ́n gé e. Bó bá jẹ́ pé ríro àti pípọ́n ni ẹ̀sùn, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìpéǹpéjú àti omi ojú fún ọ̀sẹ̀ 6 ná. Etí ìpéǹpéjú tó wú tí ẹ kò tọ́jú kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ńṣe ló máa bá yín dé ẹ̀yìn rẹ̀, ojú á sì máa ro bí ẹni pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ni omi ojú wọn máa ń dúró dáadáa sí i lẹ́yìn tí ẹran bá ti kúrò. Àmọ́ àpò epo tó ti rọ dànù kì í hù padà.

Ẹ béèrè ohun méjì mìíràn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bóyá wọ́n ti wọn agbára inú ẹyinjú Bàbá, torí ẹ̀kán tí wọn máa lò lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ́ irú èyí tí a fi ń kìlọ̀ fún ọlọ́kadà lókè yìí, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àti pé ṣé wọ́n máa gbé ẹran tí wọ́n gé lọ síbi àyẹ̀wò. Ẹran tó ń dàgbà kíákíá, tó funfun bí èépá, tàbí tó wà níhà etí dípò níhà imú, lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, kì í ṣe ẹran ojú lásán. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Òǹdó níbẹ̀ àti ní Akúrẹ́. Ẹ tún lè lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé omi ìgbín lè jẹ ẹran ojú kúrò? Wọ́n tún ní kí n kán omi ọyàn sí i. *Abílékọ kan, Ọjà Ọba*

ÌDÁHÙN: Kò sí ohun tí a ń kán sójú tó ń jẹ ẹran ojú kúrò, yálà láti kẹ́mísì tàbí láti agbo ilé. Ojú gbígbẹ ti ní ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ lára tí a kò lè fi ojú lásán rí, gbogbo ohun tí kò mọ́ pátápátá ló sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Omi ìgbín, omi ọyàn, ìtọ̀ àti omi ewé kò sí nínú ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kán an, tí ojú wá ń dùn yín gidi, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún yín, tí àmì funfun sì yọ lórí dúdú ojú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, kó má di ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 8, máa ń ra ojú ṣáá. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dà bíi pé ẹran ń hù yí dúdú ojú rẹ̀ ká. Ṣé ẹran ojú náà nìyẹn? *Ìyá Ọmọ, Òǹdó*

ÌDÁHÙN: Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹran ojú hù lójú ọmọ ọdún 8. Yíyún tó bá le bẹ́ẹ̀ lójú ọmọkùnrin, tó sì ń sọ funfun ojú di rẹ́súrẹ́sú, sábà máa ń jẹ́ ojú tí kò bá eruku àti ooru mu. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e lójú nígbà tó bá ń yún un, torí ti gbígbóná kò bá irú ojú yìí lára mu. Ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ máa bọ́ ojú rẹ̀ bó bá ti ibi eré dé. Kí ẹ sì gbé e lọ fún dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kó yí ìpéǹpéjú òkè rẹ̀ padà wò: bí kókó wẹ́wẹ́ bá kún inú rẹ̀ bí òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀, òun ló ń họ dígí ojú rẹ̀.